Ti àná ni kí ẹ sọ: ìwádìí oyè dókítà lórí bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn lójoojúmọ́

Àdùkẹ́ Ìbàdàn (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀kọ́ oyè dókítà ni mò ń ṣe ní Ìbàdàn, ọdún kejì rẹ̀ nìyí. Ohun tí mò ń wádìí ni bí àwọn tí etí wọn ti ń di ṣe ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn nílé, lọ́jà, ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì, nínú ọkọ̀. Nínú yàrá àyẹ̀wò tó pa rọ́rọ́, ẹ̀rọ wọ̀nyí máa ń ṣe dáadáa. Ilé ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìyá àgbà mi ló fà á. Nígbà tí etí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í di, àwọn ọmọ dáwó jọ, wọ́n ra irú èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn etí fún wọn. Gbogbo ìgbà tí a bá bi wọ́n pé, "Màmá, ṣé ẹ̀ ń lò ó?" wọ́n á ní, "Mò ń lò ó, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù kún yín." Lọ́jọ́ kan mo ń wá abẹ́rẹ́ nínú agolo mílíìkì tí wọ́n ń kó òwú àti bọ́tìnnì sí. Ibẹ̀ ni mo ti bá ẹ̀rọ náà, nísàlẹ̀ pátápátá. Wọ́n fi áńkáṣíìfù wé e, wọ́n sì ta á ní kókó. Bátìrì inú rẹ̀ ti hu funfun bí ẹni da ẹ̀lùbọ́ sí i.

Mo jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́ lọ́jọ́ yẹn. N kò rò pé irọ́ ni wọ́n pa fún wa. Àwọn ọmọ ti náwó. Báwo ni ìyá ṣe máa wo ojú ọmọ tó náwó, kó ní ohun tó rà kò dùn ún lò? Wọ́n dáhùn bí ọmọlúàbí ṣe ń dáhùn ni. Àwa la ò mọ ìbéèrè bi.

Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìròyìn jáde lórí ọ̀rọ̀ etí lọ́dún 2021. Wọ́n ní àwọn tí etí wọn ní àléébù, yálà kékeré tàbí ńlá, lé ní bílíọ̀nù 1.5 káàkiri ayé, àti pé mílíọ̀nù 430 nínú wọn ló nílò ìtọ́jú. Wọ́n tún ní nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn lè ràn lọ́wọ́, bíi 17 péré ló ń lò ó. Ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀ agolo mílíìkì ńkọ́? Ta ló ka ìyẹn?

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi bóyá ẹ̀ ń lò ó. Ti àná ni kí ẹ sọ. Aago mélòó lẹ gbé e sí etí? Kí lẹ̀ ń ṣe lọ́wọ́ tí ẹ fi yọ ọ́? Níbo lẹ gbé e sí? Kò sí ìdáhùn tí yóò bí mi nínú. Ohun tí ẹ bá kọ síbí, n kò ní mú un wọ inú ìwé mi láìgba àṣẹ lọ́wọ́ yín.

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Àdùkẹ́ ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún 71 ni mí, ó sì ti di ọdún mẹ́ta tí mo ti ń lo ẹ̀rọ sí etí méjèèjì. Jẹ́ kí n sọ ti àná bí o ṣe fẹ́ ẹ.

Mo jí ní aago márùn-ún ààbọ̀. N kì í gbé e sí etí kí n tó wẹ̀, nítorí omi. Aago méje ni mo gbé e sí i. Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni ìró ìgbálẹ̀ ìyàwó mi lójúde. Ó ti tó ọdún mélòó kan kí n tó ní ẹ̀rọ tí mo ti gbàgbé pé ìgbálẹ̀ a máa dún. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ mo rò pé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́ ni: sílípáàsì lórí sìmẹ́ńtì, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà nígbà tí ọmọ bá ń fi eyín já a, omi nínú páìpù, àní èémí èmi fúnra mi. Ohùn mi dà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sínú àmù òfìfo. Ẹni tó ta á fún mi kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Ó gba owó, ó ní, "Bàbá, ẹ óò gbádùn rẹ̀." Ìyàwó mi ló ní kí n fara dà á di oṣù kan, pé ọmọ tuntun náà a máa ta gìrì sí gbogbo ìró. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n dá a padà sí páálí.

Aago mẹ́sàn-án, mo ń múra òde. Àdùkẹ́, kọ èyí sílẹ̀ dáadáa: ọ̀rọ̀ fìlà. Abetí ajá ni mo ti ń dé láti ìgbà ọ̀dọ́ mi. Tí mo bá dé e báyìí, etí fìlà á bo ẹ̀rọ, á máa ha ojú ibi tí ohùn ń gbà wọlé, ṣáá, ṣáá, ṣáá. Nígbà mìíràn ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, gbogbo èèyàn á máa wo òkè. Mo ti yí sí gọ̀bì báyìí, mo ń gẹ̀ ẹ́ sí apá kan. Kò rọrùn fún mi. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ni mo ń fi sílẹ̀ nílé, kì í ṣe fìlà.

Aago mọ́kànlá, ìsọmọlórúkọ ọmọ ọmọ ọ̀rẹ́ mi ní Mọ́kọ́lá. Orúkọ mẹ́fà ni wọ́n sọ ọmọ, mo gbọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Tẹ́lẹ̀, àmín ni mo máa ń ṣe sí orúkọ tí n kò gbọ́. Lẹ́yìn àdúrà wọ́n tan sípíkà. Ó ku díẹ̀ kí aago kan lù nígbà tí mo yọ ọ́, mo sì sọ ọ́ sínú àpò agbádá. N kò tún gbé e sí etí títí ilẹ̀ fi ṣú, mo wá fi gbọ́ ìròyìn lórí rédíò fún bíi wákàtí kan. Gbogbo rẹ̀ kò ju wákàtí méje lọ.

Aláṣọ Gbági

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Àǹkárá àti léèsì ni mò ń tà ní Gbági. Etí òsì nìkan ni mo ra ẹ̀rọ fún, owó kò ká méjì.

Ti àná: n kò lò ó lọ́jà rárá. Oníbàárà kan rí i létí mi nígbà kan, ó yíjú sí ẹni tó bá a wá, ó ní, "Adití ni wọ́n o, jẹ́ ká lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì." Mo gbọ́ ọ ketekete, nítorí pé ẹ̀rọ ọ̀hún ló wà létí mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi gèlè bò ó. Gèlè náà á wá fún un mọ́lẹ̀, á máa hó létí mi bí omi gbígbóná. Nígbà tó yá mo kúkú ń yọ ọ́ tí mo bá ti dé ìsọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: tí n kò bá lò ó, owó ló ń lọ. Lóṣù tó kọjá, oníbàárà ní òun á san ẹ̀ẹ́dẹ́gbèje lórí yáàdì kan. Mo gbọ́ ọ sí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ, mo ní kó mú un. Mo ti gé yáàdì méjìlá kí a tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wa ò bára mu. Igba náírà lórí yáàdì kọ̀ọ̀kan. Aṣọ ti gé, kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ọmọ Àyàn

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè ni tèmi. Ìlù ni iṣẹ́ ilé wa. Bàbá mi ti pé ọdún 66, etí wọn sì ti ń di. Tí mo bá fi gángan pe oríkì wọn, wọ́n á mi orí, wọ́n á dáhùn, wọn ò ní ṣì ọ̀kan. Tí mo bá fi ẹnu sọ ọ̀rọ̀ kan náà, wọ́n á ní, "Kí lo wí?" Àwọn ará ilé ní wọ́n ń díbọ́n ni, pé ohun tí wọ́n bá fẹ́ gbọ́ ni wọ́n ń gbọ́. A ra ẹ̀rọ, wọ́n lò ó fún ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n ní ó ń ba ohùn ìlù jẹ́, wọ́n sì yọ ọ́.

Àdùkẹ́ Ìbàdàn

Ọmọ Àyàn, jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún sọ pé Bàbá ń díbọ́n. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Etí tí ọjọ́ orí tàbí ariwo bà jẹ́, láti òkè ló ti ń bàjẹ́ bọ̀. Ohùn tín-ín-rín tó ga ló kọ́kọ́ ń lọ, ohùn tó kì nísàlẹ̀ a máa ṣẹ́kù. Dò, re, mí tí a fi ń sọ Yorùbá, ìsàlẹ̀ ló wà, láàárín nǹkan bíi 100 sí 300 hertz (ìwọ̀n bí ohùn ṣe ga sí) lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n s àti f, òkè lọ́hùn-ún ni agbára wọn wà, ó ju 2,000 hertz lọ, wọn ò sì lágbára púpọ̀ pàápàá. T àti k náà kì í pẹ́ létí rárá. Sọ fún Bàbá pé "ó tà á", "ó kà á", "ó fà á". Ohùn kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kọ́ńsónáǹtì nìkan ló yà wọ́n, ìyẹn gan-an ni etí Bàbá kò sì gbé mọ́. Wọ́n gbọ́ pé ẹnì kan sọ̀rọ̀, wọ́n gbọ́ bí ohùn ṣe ń lọ sókè sódò, wọn ò gbọ́ ohun tó sọ. Gángan kò ní kọ́ńsónáǹtì. Ohùn ni ó fi ń sọ̀rọ̀ látilẹ̀wá, kò sì sí ohun tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbọ́ ìlù.

Ìyá mi ní Gbági, ọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ́dẹ́gbèje àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ yín náà súnmọ́ èyí. Ìparí ọ̀rọ̀ nìkan ló yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni ẹni tó ń ná ọjà máa ń gbé ohùn mì.

Ní ti ìlù tó ń bàjẹ́: ẹ̀rọ ìgbàlódé a máa gbé ohùn kékeré sókè púpọ̀, ohùn ńlá ní ìwọ̀nba, kí ó má bàa dun etí. Ó dára fún ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń mú kí ìlù pẹlẹ́ àti ìlù líle fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ó tún ní ohun tó ń pa súfèé, èyí tó lè rò pé ohùn tó gùn lórí ìlà kan ni súfèé. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ṣeé yí sí ètò mìíràn fún orin. Ẹni tó ta á gbọ́dọ̀ lè ṣe é. Kí ẹ sì gbé gángan dání lọ síbẹ̀, kí ẹ lù ú níwájú rẹ̀ kí ó tó sọ pé òun ti parí.

Ìwọ náà ńkọ́, àbúrò? Àjọ tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà gbà pé ìró 85 decibel (ìwọ̀n bí ariwo ṣe pọ̀ tó) kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí mẹ́jọ lọ létí èèyàn lóòjọ́. Bí ó bá fi 3 lé, àkókò náà á dín sí ìdajì. Tó bá di 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Wá ohun tí o máa fi dí etí díẹ̀ lóde.

Ọmọ Peckham

Ẹ káàárọ̀ láti London. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí owó, torí mo ti rí i pé gbogbo èèyàn rò pé owó ni gbogbo rẹ̀.

Níbí, NHS, ètò ìlera ìjọba, ló ń fún èèyàn ní ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́, tòun ti bátìrì àti àtúnṣe. Màmá mi gba méjì, kọ́bọ̀ kan kò jáde. Síbẹ̀ inú dúrọ́ọ̀ ni ẹ̀rọ méjèèjì ń sùn láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo bínú sí Màmá fún ìgbà díẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo bi wọ́n láìgbé ohùn sókè, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ta ni kí n gbé e sí etí fún? Ẹ ti lọ síbi iṣẹ́. Tẹlifíṣọ̀n ń sọ Òyìnbó. Ta ló ń bá mi sọ̀rọ̀?"

N kò rí èsì fọ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n á ti gbé e sí i, wọn ò ní yọ ọ́ títí wọ́n fi máa ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ní ìrọ̀lẹ́, bí ìlù ṣe ń dún tó níbẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ wọn wà níbẹ̀. Àdùkẹ́, tí o bá ń ka wákàtí, jọ̀ọ́, bá wa ka èèyàn náà.

Àdùkẹ́ Ìbàdàn

Ọmọ Peckham, mo ti ka ọ̀rọ̀ Màmá yín tó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ wọn ti yí ojú ewé kan padà nínú ìwé mi, bí wọ́n bá gbà mí láyè.

Ìwé ìbéèrè kan wà tí àwọn oníṣẹ́ etí ń lò káàkiri ayé, IOI-HA ni wọ́n ń pè é. Ìbéèrè méje péré ni. Èyí àkọ́kọ́ ni pé, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, wákàtí mélòó lẹ̀ ń lo ẹ̀rọ lóòjọ́. Mo bi ìyá àgbà kan ládùúgbò wa. Wọ́n ní, "Wákàtí kẹ̀? Tí mo bá jí, títí a ó fi jẹ ọkà ọ̀sán." Ìdáhùn tó péye nìyẹn, ṣùgbọ́n kò sí àyè rẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù. Ẹ̀rọ ìgbàlódé púpọ̀ ń ṣe àkọsílẹ̀ wákàtí tí wọ́n fi wà ní títàn. Àwọn tó ti fi àkọsílẹ̀ yẹn wé ohun tí èèyàn fẹnu sọ rí i léraléra pé ẹnu máa ń ju ẹ̀rọ lọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Yorùbá nìkan.

Nínú irú ìwé ìbéèrè bẹ́ẹ̀, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni COSI, tí Harvey Dillon àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Australia gbé jáde lọ́dún 1997. Ẹni tó ni etí ló máa sọ ibi tó ti fẹ́ gbọ́ràn, kò ju márùn-ún lọ, lẹ́yìn náà wọ́n á bi í bóyá ibẹ̀ ti sàn. Ìyá aláṣọ lè ní, "Nígbà tí oníbàárà bá ń dárúkọ owó." Tíṣà lè ní, "Níbi ìsọmọlórúkọ." Màmá Peckham ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé òun kò ní ibi kankan láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí a sì kọ ìyẹn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àbájáde.

Ẹ̀gbọ́n Adití

Ẹ má bínú, Àdùkẹ́, n kò mọ̀ yín rí, mi ò sì ní kí ẹ gbà á sí ìwọ̀sí. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ń lọ sí ilé ìwé àwọn adití. Ó ti tó ẹ̀ẹ̀mẹta tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti wá síbẹ̀. Wọ́n á pín fọ́ọ̀mù, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á lọ. Wọ́n ti gba oyè báyìí. Àbúrò mi ṣì ń lo ẹ̀rọ tí ike rẹ̀ tó ń wọ ihò etí ti kéré sí etí rẹ̀, tó ń súfèé látàárọ̀ dalẹ́, tí àwọn ọmọ kíláàsì tó ṣì ń gbọ́ díẹ̀ sì ń dì í létí mú fún un. Kí ni tiyín máa ṣe tó yàtọ̀?

Àdùkẹ́ Ìbàdàn

Ẹ ò ṣẹ̀ mí. Ó yẹ kí ẹ bi mí.

N kò ní ẹ̀rọ láti pín, n kò sì ní ṣe ìlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo lè dì mú nìyí. Ẹni tó bá gbà mí sílé, ohun tí mo kọ nípa rẹ̀ ni màá gbé padà wá, màá kà á sí i létí ní Yorùbá. Bí ó bá ní kí n yọ ọ̀rọ̀ kan, màá yọ ọ́. Mo tún ń kọ ìwé pélébé kan tí ẹni tó ń ta ẹ̀rọ lè fi lé oníbàárà lọ́wọ́: bí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ṣe máa rí, fìlà, gèlè, òógùn, bátìrì. Bí ẹnì kan bá ti sọ̀rọ̀ ìró ìgbálẹ̀ fún Tíṣà ṣáájú, wọn ò bá má rò pé ẹ̀rọ bàjẹ́. Èyí kò tó fún àbúrò yín. Mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnì kan wà níbí tó mọ̀ nípa ike etí ọmọdé?

Oníṣẹ́ Etí Abẹ́òkúta

Èmi rèé. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo ti ń dá ike etí.

Ẹ̀gbọ́n Adití, etí ọmọ ń dàgbà, ike kò ń dàgbà. Ike tó bá ti fẹ̀gbẹ́ sílẹ̀, ohùn tó jáde nínú ẹ̀rọ á gba ibẹ̀ jò padà sínú ẹnu ẹ̀rọ, òun ló ń di súfèé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹ̀rọ ti kú. Ike nìkan ló máa yí padà, owó rẹ̀ sì kéré gan-an sí ti ẹ̀rọ. Ọmọ tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi lè nílò tuntun lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún, ti ọmọ ọdún mọ́kànlá kì í yá tó bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wo ọ̀pá rọ́bà tín-ín-rín tó so ike mọ́ ẹ̀rọ. Tó bá ti le, tó ti pọ́n, ẹ yí i padà, ó ń jẹ ohùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo inú etí rẹ̀ náà, torí ìdọ̀tí tó bá dí ihò etí lè mú kí ẹ̀rọ súfèé.

Ọ̀rọ̀ bátìrì wá wọ̀ mí lára, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rọ púpọ̀ ń kú sí. Bátìrì kékeré wọ̀nyí, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń mí. Lẹ́ẹ̀lì, bébà kékeré aláwọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ló dí ihò afẹ́fẹ́. Tí ẹ bá ti ṣí i, ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, yálà ẹ lò ó tàbí ẹ ò lò ó, títún lẹ́ẹ̀lì lẹ̀ padà kò sì lè dá a dúró. Bàbá kan ṣí mẹ́fà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí ó lè rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Gbogbo rẹ̀ ló ṣòfò. Ṣí ẹyọ kan, jẹ́ kó gba afẹ́fẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí o tó kì í bọ ẹ̀rọ. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń mọ ìwọ̀n bátìrì: lẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ ọsàn ni 13, aláwọ̀ búráùn ni 312, aláwọ̀ búlúù ni 675 tó tóbi jù, tí àwọn tí etí wọn di gan-an ń lò. Lálẹ́, ẹ ṣí ilẹ̀kùn bátìrì sílẹ̀ kí ọ̀rinrin lè jáde. Ẹ fi ẹ̀rọ sínú ike tó ní ìdérí pẹ̀lú àpò kékeré tí ń fa omi mu, irú tí wọ́n ń fi sínú páálí bàtà tuntun, ìyẹn tí kò bá tíì gba omi. Òógùn ilẹ̀ wa le púpọ̀ fún ẹ̀rọ wọ̀nyí.

Ẹ gbọ́ mi o, ẹ̀yin tó ní ọmọ kékeré nílé: tí ọmọ bá gbé bátìrì mì, ẹ má dúró dìgbà tí ó máa yàgbẹ́ ẹ jáde. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Alhaja Ìsẹ́yìn

As-salamu alaykum. Tèmi kò pọ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ ni mò ń ṣe àlùwàlá, etí sì wà nínú ohun tí à ń fi omi pa. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ni mo gbọ́dọ̀ yọ ọ́. Ibi tí màá gbé e sí ni ìṣòro: létí ẹ̀rọ omi, lórí ògiri, nínú bàtà. Ó ti bọ́ sínú kẹ́tùlù rí. Àná, mo yọ ọ́ fún Àsùbáà, n kò rántí rẹ̀ títí di Àsárì. Ọmọ mi ti rán àpò kékeré mọ́ inú híjáàbù mi báyìí, lápá ọ̀tún, ibẹ̀ ló ń wọ̀ lọ. Híjáàbù kan náà ló ń ha ojú rẹ̀ nígbà tí mo bá gbé e sí etí, ṣùgbọ́n tí mo bá wọ èyí tí aṣọ rẹ̀ fúyẹ́, kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè mi: wọ́n ní tí èèyàn kò bá lo ẹ̀rọ, iyè á máa rá. Ṣé lóòótọ́ ni? Ó ń dẹ́rù bà mí.

Àdùkẹ́ Ìbàdàn

Wa alaykumu s-salam, Alhaja. Ẹ ṣé fún ọ̀rọ̀ àpò híjáàbù yẹn. Kò sí ìwé tí mo ti lè rí i kà.

Ní ti iyè, ìwádìí kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní ACHIEVE, àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet lọ́dún 2023. Àwọn àgbà 977 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 70 sí 84 ni wọ́n tẹ̀lé fún ọdún mẹ́ta. Wọ́n fún àwọn kan ní ẹ̀rọ àti ìtọ́jú etí, wọ́n fún àwọn yòókù ní ẹ̀kọ́ nípa ìlera. Nígbà tí wọ́n kó gbogbo wọn pọ̀, wọn ò rí ìyàtọ̀ nínú bí iyè wọn ṣe ń lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn tí ewu iyè rírá ti pọ̀ lára wọn tẹ́lẹ̀, bí iyè àwọn tó gba ẹ̀rọ ṣe lọ sílẹ̀ fi ìwọ̀n 48 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tí kò gbà. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rù ta ẹ̀rọ fún yín. Ẹ lò ó kí ẹ lè gbọ́ ọmọ yín.

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Alhaja, ẹ kú ìrántí. Mo ti sọ fún ìyàwó mi kí ó rán irú àpò yẹn sínú agbádá mi.

Àdùkẹ́, mo ti ra ìwé àkọsílẹ̀ ogójì ojú ewé. Màá máa kọ ti àná sínú rẹ̀ ní àràárọ̀, fún oṣù kan. Ọjọ́ tí mo bá yọ ọ́ nítorí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì, màá kọ ọ́. Ìyẹn á pọ̀.

Ọmọ Àyàn

Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́. Mo ka ọ̀rọ̀ yín sókè nílé, "ó tà á, ó kà á, ó fà á". Bàbá wo ẹnu mi, wọ́n ní, "Ọ̀kan náà lo ń sọ ṣá." Gbogbo ilé dákẹ́. Ìyá mi ló kọ́kọ́ bẹ̀ wọ́n. Ọjọ́bọ̀ la máa gbé gángan lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ta ẹ̀rọ.

Aláṣọ Gbági

Ẹ kú alẹ́ o. Mo gbé e lọ sọ́jà lónìí. Mo wé gèlè mi sókè, mo fi ẹ̀yìn etí sílẹ̀ gbangba. Obìnrin kan bi mí pé kí lèyí, mo ní ohun tí mo fi ń gbọ́ owó yín ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ra yáàdì mẹ́wàá. Nígbà tó di aago mẹ́ta, bátìrì kú mọ́ mi lórí, mo ṣì ń ná léèsì lọ́wọ́. Aláwọ̀ búráùn ni tèmi, 312. Ẹni tó ń tà á fún mi ti kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ta ló mọ ibi tí mo ti lè rí i rà ní Ìbàdàn kó tó di ọ̀la?